Sàárà Tí A Ṣe Kí Oyún Tó Dé

Ọjọ́ kẹtàdínlógójì rèé tí mo ti jókòó opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n fi wà nílé, kí n má lé tìróò, kí n má wọ aṣọ tó ń dán. Ààfáà tó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ọ̀dọ́ ni, mo mọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé kí á lè mọ̀ bóyá olóògbé fi oyún sílẹ̀ sára ìyàwó. Bí ó ti sọ ọ́ tán ló gbójú sókè, ó rí ewú orí mi, ojú tì í.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Mo ní kò sí ìbínú, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló dùn mí. Kò mọ̀ pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí ọkọ mi wà láàyè nínú ilé, gbogbo àdúgbò ló jókòó ti ikùn mi báyìí tí wọ́n ń ka oṣù. Àwa méjì péré la mọ̀ pé kò sí nǹkan tí wọ́n ń kà.

Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tí mo lọ ń bá ìyá mi yan ẹja, nítorí náà kí ẹni tó bá máa ka ìwé yìí fojú fo àṣìṣe mi. Ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo rántí orúkọ gbogbo wọn: orúkọ káfíńtà tó wà lórí òrùlé pẹ̀lú ọkọ mi lọ́jọ́ náà, orúkọ dírẹ́bà tó gbé e, orúkọ nọ́ọ̀sì, títí dé orúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fẹ́ lé mi. Mi ò ní kọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ wọn wà láyé, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ sì ni mo fẹ́ sọ.

Káfíńtà òrùlé ni ọkọ mi. Nígbà tí ọdún 1950 kọjá díẹ̀, àwọn èèyàn ń ṣí koríko kúrò lórí ilé wọn, wọ́n ń kan páànù, Ìkòròdú ń dán láti òkèèrè bí ẹni pé wọ́n da omi sí i lórí. Wọ́n pè é wá sí Ẹ̀pẹ́ láti wá kan òrùlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé omi mímu fún wọn. Ó wà lókè, ó kó ìṣó há ẹnu, ó ní:

"Ìwọ ọmọ eléjà yìí, òórùn rẹ fẹ́ gbé mi ṣubú o."

Mo ní, "Ẹ ṣubú sínú ọ̀sà. Ẹja náà fẹ́ jẹ èèyàn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìṣó mì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀ lẹ́yìn tó ṣubú lóòótọ́. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní kí n má ṣe ara mi ní Ọlọ́run, pé ẹnu ọmọ eléjà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n so yìgì wa ní Ẹ̀pẹ́, mo bá ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gba orí ọ̀sà dé etídò Ìkòròdú. Oṣù mẹ́jọ la lò pọ̀ kí ó tó ṣubú. Mo mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, n kò lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Oyún kò tíì dé, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀rù. Ìyá ọkọ mi máa ń wí pé, "Ẹ rọra jẹun, ẹ̀yin ọmọdé, oúnjẹ ò ní tán."

Ìgbògbò ló ti ṣubú. Òjò rọ̀ lówùúrọ̀, igi òrùlé tutù, ó fẹsẹ̀ lé pákó kan tí wọn kò tíì kàn. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀ lórí kùkùté. Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ohun tí wọ́n sì mọ̀ ni wọ́n ṣe: méjì dì í lápá, wọ́n fà á nàró, wọ́n ní kí ó rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ. Wọ́n rìn ín káàkiri ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo sọ èyí fún nọ́ọ̀sì ní ọsibítù l'Ékòó, ó dijú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé a kì í fa ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ nàró.

Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí a lò lọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì yìí, obìnrin Ẹ̀gbá kan tó lajú, tí ohùn rẹ̀ le ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ló kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ó kọ́ mi bí a ti ń yí ọkọ mi padà kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà jẹ ìdí rẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ti ń se rọ́bà tínrín, tí a ń rọra tì í wọ ojú ìtọ̀ rẹ̀ láti fa ìtọ̀, nítorí kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n mọ́.

"Ìyàwó, gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń pa wọ́n, ìtọ̀ ni. Bí o bá ṣe ọ̀lẹ lórí rọ́bà yìí, ìwọ lo pa á."

"Mi ò ní ṣe ọ̀lẹ, Mà. Mà, ọmọ ńkọ́?"

"Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yè ná."

A padà sílé. A kò ní aago, mo fi ìrun márààrún ṣe aago rọ́bà, mo fi àárín wọn yí i padà. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó ní kí wọ́n wá táyà kẹ̀kẹ́ méjì àti pákó fún òun. Lórí ibùsùn ló ti fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán rẹ̀ sára ògiri, lórí ibùsùn ló ti rẹ́ ẹ, ó sì kan àga onítáyà tó ń jókòó sí. Ẹni tó ń kan òrùlé di ẹni tó ń kan àpótí, àga àti bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ ìbòòji igi ọ̀dàn níwájú ilé. Àwọn èèyàn ń wá láti Ìtamaga wá gbé iṣẹ́ fún un. Ó ní, "Nígbà tí mo ń rìn, èmi ló ń lọ bá iṣẹ́. Nísinsìnyí iṣẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn wá bá mi. Ta ni ọ̀gá?"

Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn ìṣubú náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ tútù nu abẹ́ rẹ̀ bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì dìde. Ó dìde gangan, bí ti ìgbà oṣù mẹ́jọ wa. Ọwọ́ mi dúró.

"Kí ló dé?" ló wí. Ó ń wo àjà. Kò mọ nǹkan kan.

"Ẹ wo ara yín."

Ó gbórí sókè, ó wò ó. Mi ò tíì rí ojú bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti sọnù tó sì yọ lójú ọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú wa, mo da aṣọ bò ó, mo sáré jáde lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà náà? Mo kúnlẹ̀, mo ní:

"Ìyá, ara ọmọ yín ti jí."

Ìyá ọkọ mi wò mí títí. "Èwo nínú ara?"

Mo dorí kodò. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè sí Ọlọ́run.

Ìyá yìí kì í gba oore lọ́wọ́ Ọlọ́run kó má san ọpẹ́. Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rẹ ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́, ó ṣe sàárà. Ó pín àkàrà àti ẹ̀kọ ká gbogbo àdúgbò, ilé mùsùlùmí àti ilé onígbàgbọ́. Àwọn ààfáà jókòó, wọ́n bi í pé àdúà kí ni kí àwọn ṣe. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ohun tó kú nínú ilé mi ti jí." Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ni kò ní mọ̀? Ẹsẹ̀ ọkọ mi ṣì ń rọ̀ lórí àga, gbogbo ojú sì ń rí i. Àwọn ìyàwó ilé ń fọwọ́ gbá mi ní ìdí.

Ìyálé ilé, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo jí i, àbí òun ló jí fúnra rẹ̀?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyálé."

"Má dá mi lóhùn. Oṣù kẹsàn-án ló máa dá mi lóhùn."

Gbogbo wọn kígbe ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa méjì, mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Àárọ̀ la máa ń gbìyànjú, kí ilé tó jí. Èmi ni mo máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, nítorí òun kò lè gbé ara rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án, àfi bí ó bá wò ó. Ìgbà mìíràn yóò rọ̀ lójijì láìnídìí, ìgbà mìíràn yóò dúró títí tí yóò fi rẹ̀ mí. Mo rántí ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé:

"Ṣé o rí nǹkan?"

Mo mọ ohun tó ń bèèrè. N kò rí nǹkan. Aṣọ gbẹ. Mo ní, "Bóyá ó kéré ni."

"Bóyá ó kéré," ló tún wí, ó sì fọwọ́ pa mí lórí.

A sọ "bóyá ó kéré" fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà a kò sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n a kò dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ọmọ nìkan. Ó máa ń gbé ojú sí mi lọ́rùn, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ mí. Ó ní gbogbo ohun tó kú nísàlẹ̀ ti kó ẹrù wá sókè, pé bí mo bá mí sí etí òun, òun ń gbọ́ ọ dé àyà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin Ìkòròdú ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ láyé ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n oṣù ń lọ. Oṣù kẹsàn-án kọjá, ìyálé bi mí bóyá mo ń gbé oyún erin ni. Nígbà tó yá, wọn kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Sàárà ti jẹ́rìí fún ọkọ mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí ẹ̀bi lè bá. Ọkùnrin ti dìde, obìnrin ni kò gbà. Ìyá ọkọ mi kò pariwo mọ́ mi rí. Ó kàn gbé ìkòkò àgbo ka iná ní ojoojúmọ́. Ife kan láàárọ̀, ife kan ní ìrọ̀lẹ́, egbò igi tó korò débi pé ahọ́n mi ń kú. Ó máa ń dúró tì mí títí n ó fi mu ún tán, yóò wá fún mi ní ìrèké kí n fi pa ẹnu dà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀.

Rọ́bà wa gbó, mo bá ọkọ̀ lọ sí Èkó láti gba òmíràn. Mo bá nọ́ọ̀sì wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo fojú wo ilẹ̀. Ó fà mí wọ ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọ́. Ṣé o ti fi ìwọ̀ dẹ ẹja rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Bí ẹja bá mi ìwọ̀ nísàlẹ̀ omi, kí ló ń sọ fún ọwọ́ rẹ lókè?"

"Okùn ni."

"Bí okùn bá já láàárín ńkọ́? Ẹja ṣì lè máa mi ìwọ̀ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ́. Okùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń mú ọ̀rọ̀ lọ, tó ń mú ọ̀rọ̀ bọ̀. Tirẹ̀ ti já. Dídìde tó ń dìde yẹn, ìsàlẹ̀ ló ń dá a ṣe. Aṣọ tútù lè ṣe é, rọ́bà lè ṣe é, ìtọ̀ tó kún lè ṣe é. Kì í ṣe òun ló rán an níṣẹ́. Àmọ́ kí àtọ̀ tó jáde, iṣẹ́ ńlá ni, òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn. Bí díẹ̀ bá tilẹ̀ mira, ó lè gba ẹ̀yìn bọ́ sínú àpò ìtọ̀."

"Ṣé kò ní àtọ̀ mọ́ ni, Mà?"

"Ó ní in. Ara rẹ̀ ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó gbogbo ìgbà àti ibà ìtọ̀ ò ní jẹ́ kó dára tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ni kò sí."

"Kò sí oògùn?"

"Dókítà ní wọ́n ń gbìyànjú nǹkan nílùú òyìnbó. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa." Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́, ṣé ò ń rí nǹkan oṣù rẹ?"

"Mò ń rí i, kì í yẹ̀."

"Ta ló wá ní kí o máa mu àgbo?"

Nínú ọkọ̀ tí mo bá padà, mo di rọ́bà mọ́ra nínú ìwé ìròyìn, mò ń wo okùn ọkọ̀ tó ń fà lórí omi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ń fi sáńpépà dán ẹsẹ̀ àga kan. Kò dúró.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o ní bóyá ó kéré."

Èmi ni mo sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn mi. Ojú obìnrin le, ayé ti mọ obìnrin tí kò bí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ tirẹ̀, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un yóò máa fi ojú àánú wò ó, àwọn kan yóò fi kọrin. Ó dán ẹsẹ̀ àga náà títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ṣeun."

"O ṣeun" yẹn, ó pẹ́ kí n tó dárí rẹ̀ jì í. Mo ti fẹ́ kí ó kọ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi mu àgbo lápapọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn òbí mi ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi àti ìyá mi dé ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n kírun tán, gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: àwọn òbí mi, ìyá ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi tó jẹ́ olórí ilé, àti ààfáà àdúgbò. Ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́yìn ìyá mi.

Olórí ilé sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ oyin. "Àna wa, ẹ ṣeun tí ẹ bí irú ọmọ yìí fún wa. Kò sí ẹni tó lè tọ́jú ọkọ bí ó ti tọ́jú ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti dúró, a ò gbọ́ igbe ọmọ. A rí ọmọbìnrin kan ní Ìgbògbò. A ò lé ọmọ yín o. Ìyálé ni yóò jẹ́."

Bàbá mi ní, "Ṣé ọmọ mi lẹ ń pè ní àgàn?"

"A ò pè é ní àgàn."

Ìyá mi ní, "Ẹ ò pè é. Ẹ kàn ń fún un ní àgàn mu láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́."

Mo gbọ́ táyà. Ọkọ mi ti yí àga rẹ̀ wá sáàárín wa.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun. Ẹ má lọ mú ọmọ ọlọ́mọ wá. Bí ẹ bá mú mẹ́wàá wá, mẹ́wàá ló máa mu àgbo."

Ìyá rẹ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́! Mo ní kí o pa ẹnu rẹ mọ́!"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ara mi ń dìde, òótọ́ ni, ẹ kò purọ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tó ń dìde, bí mi ò bá wò ó. Nǹkan kan kì í sì í jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, ẹ̀kán kan kò jáde rí. Ìyàwó mi mọ̀, ó fi ara rẹ̀ bò mí. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mò ń kan àpótí, mò ń wò ó bí ó ti ń mu àgbo. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ìyókù, mi ò mọ ẹni tó jẹ̀bi."

Ó ń làágùn bí ẹni tó gun òrùlé. Ìyá ọkọ mi bo ojú pẹ̀lú gèlè. Olórí ilé ló kọ́kọ́ rí ohùn, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀:

"Àbúrò rẹ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Inú ilé náà ni gbogbo rẹ̀ yóò wà, ọmọ yóò sì jẹ́ tirẹ̀."

Ààfáà ní, "Èèwọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá mi ní, "Ọkùnrin kan ni mo fún lọ́mọ. Mi ò fún ilé."

Ni ààfáà bá ṣàlàyé pé ẹ̀sìn fàyè gba obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní ipò yìí láti bèèrè òmìnira, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bàbá mi yíjú sí mi.

"Ṣé o gbọ́? Ẹ̀bi kan ò sí lára rẹ. Ṣé ká máa lọ?"

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní kí n kọ ìwé yìí kó dùn ún kà, mo máa ní mo dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé n kò lọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Mo dìde, mo kó ìró méjì, mo ṣàlàyé rọ́bà fún ìyá ọkọ mi, mo sì tẹ̀ lé àwọn òbí mi lọ sétídò.

Oṣù kan ni mo lò ní Ẹ̀pẹ́. Mo yan ẹja, mo sùn, mo jẹ èbìrìpò, kókò rírin inú ewé tí ìyá mi máa ń sè. Ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe wá kí mi, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ọmọ náà tọ̀ sí mi lára, ìtọ̀ náà gbóná. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí aṣọ gbẹ. Kí n má purọ́: mo fẹ́ ọmọ. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kò sí ọjọ́ tí mo lè sọ pé àìbí rẹ̀ kò dùn mí.

Obìnrin kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wa dé láti Ìkòròdú. Ó ní ìyá ọkọ mi ti di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ìyá náà lọ láti ilé dé ilé, gbogbo ilé tó jẹ sàárà rẹ̀, kò fo ọ̀kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní: "Àkàrà tí ẹ jẹ nílé mi lọ́jọ́sí, mo pín in kí ó tó jinná. Ìyàwó mi kò yàgàn. Ọmọ tèmi ni kò lè fún un lóyún. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ṣeré mọ́."

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo bi obìnrin náà pé ta ló ń se rọ́bà.

"Ìyá náà ni. Ojú rẹ̀ ò dá mọ́, ó ń jóná lọ́wọ́."

Bàbá mi rí mi níbi tí mo ti ń di ẹrù. Ó jókòó tì mí.

"Ṣé nítorí àánú ni?"

"Rárá, Bàbá."

"O mọ̀ pé o kò ní bímọ níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá ń fà ọ́?"

Mo ronú sí i. Mo ní, "Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, Bàbá, ẹnikẹ́ni kò tíì pa mí lẹ́rìn-ín."

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹrù mi, ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀, ó sì fún mi ní ẹja yíyan apẹ̀rẹ̀ kan fún àna rẹ̀ obìnrin.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Ọkọ mi wà lábẹ́ igi ọ̀dàn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì kan. Pákó dáadáa ni, ó ti dán an, ṣùgbọ́n ó tóóró. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti mọ ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, kì í kan bẹ́ẹ̀dì tóóró fún àwọn oníbàárà.

"Ta ló ni bẹ́ẹ̀dì yìí?"

Òòlù dúró. Kò yíjú. "Oníbàárà ni."

"Oníbàárà wo?"

"Ẹnì kan tó ń dá sùn."

"Ẹ sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti dé. Ẹ fi pákó kún un."

Ó ní pákó tó bá a mu ti tán. Mo ní kí ó fi èyí tí kò bá a mu kún un. Mo wọlé lọ gba rọ́bà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo gbé omi kaná, mo sì gbọ́ bí ó ti ń yọ ìṣó níta, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìrókò ni bẹ́ẹ̀dì náà, pákó pupa kan ló sì fi kún un láti orí dé ẹsẹ̀. A kò bímọ. Orí ẹ̀gbẹ́ pupa yẹn ni mo ń sùn títí di ọjọ́ tó kú, ibẹ̀ náà ni mo sì ń sùn sí nísinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wà níhà kejì.